Orí Ẹní Ni Ariwo Ti Pọ̀ Jù

Cecilia na Virtue ọmọ rẹ̀ nítorí pé kò dáhùn ìkíni àgbà, láìmọ̀ pé ọmọ náà kò gbọ́ ni.

Sípíkà tí Lájídé ọkọ rẹ̀ gbé wálé ló fà á. Ọdún keje tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ni. Lọ́kọ́ja ni Lájídé ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá sílé ní Kàbà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó gbé páálí ńlá kan wọlé. Sípíkà kéékèèké márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpótí dúdú kan tó ń kù bí àrá.

"Bí ẹ bá ń wo fíìmù," ó ní, "ẹ ó rò pé inú rẹ̀ gan-an lẹ wà."

"Níbo lẹ máa gbé wọn kọ́?" Cecilia bi í.

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti fọ́tò àwọn òkú ẹbí ti gba ògiri tán. Lájídé kò fẹ́ yọ ọ̀kankan. Ó to gbogbo sípíkà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Àga ni ti àgbà nílé wọn, ẹní ni ti ọmọdé. Bàbá Josiah, tó bí Lájídé, ló ni àga ńlá tó wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tó ti ń rí ẹnu ọ̀nà. Etí rẹ̀ ti ń di. Virtue, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń jókòó sórí ẹní níwájú, ó ń fẹ̀yìn ti àpótí dúdú.

"Lájídé, gbé e sókè! Àbí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ làwọn èèyàn yẹn ń sọ?" Bàbá Josiah á ké látẹ̀yìn.

Lájídé a gbé e sókè.

"Ó kù díẹ̀!"

Á tún gbé e sókè, títí àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù á fi máa gbọ̀n. Ta ni yóò ní kí bàbá dìde lórí àga rẹ̀?

Bí fíìmù bá parí, Virtue á fọwọ́ di etí. "Màmá, nǹkan ń hó nínú etí mi."

"Àwọn kan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ níbì kan," Bàbá Josiah á dáhùn. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ bá mọ́, híhó náà á ti lọ.

Ó ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Ernest, aládùúgbò wọn, ń kọjá lọ. Virtue jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Okun o, Virtue!" ó kí i.

Virtue kò gbójú sókè.

"Okun o!" Kò dáhùn. Ìyá Ernest kọ háà. "Ẹ wo ọmọ onísípíkà! Kì í dá wa lóhùn mọ́."

Ìtìjú bo Cecilia tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbá ọmọ náà lẹ́yìn. "Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Màmá, n kò gbọ́."

Cecilia pè é ní onírọ́, ó tún gbá a.

Ẹkún ọmọ náà ló mú Bíọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì, jáde. "Ìyá Virtue, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó rọra dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó gbé aago súnmọ́ etí ọ̀tún, ó gbé e súnmọ́ ti òsì. Cecilia dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì sí wọn, ó ń gbọ́ ọ: ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́. Virtue ń wo ẹ̀wà rẹ̀.

Bíọ́lá bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé, Cecilia sì sọ ti sípíkà àti ti etí tó ń hó fún un. Lẹ́yìn náà, ó wọ yàrá ìgbàlejò, ó jókòó sórí ẹní. "Ẹ tan fíìmù. Ẹ gbé e dé ibi tí bàbá ń fẹ́, kí ẹ wá jókòó tì mí."

Láti ìgbà tí sípíkà ti délé, Cecilia kò jókòó síbẹ̀ rí. Ariwo náà gba eyín rẹ̀ wọ agbárí. Ó sọ̀rọ̀, Bíọ́lá mi orí. Ó ní láti kígbe kí Bíọ́lá tó gbọ́.

Bíọ́lá pa ẹ̀rọ náà. "Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ kígbe kí ẹni tí ọwọ́ yín kàn tó gbọ́ yín, ariwo yẹn ń ba etí jẹ́. Híhó tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín, etí ọmọ yìí ló ń ké."

Bàbá Josiah tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Èmi ni mo ń ní kí wọ́n gbé e sókè."

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ ní kí ẹ dìde lórí àga yín, Bàbá," ni Cecilia wí.

"Ẹ̀ bá sọ fún mi. Àga ni, kì í ṣe oyè."

Wọ́n gbé Virtue lọ sọ́dọ̀ dókítà etí ní Ìlọrin. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wọ́n. Ó ní ohun tí ariwo bá pa nínú etí kì í hù padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ̀rọ yìí, ẹ gbé sípíkà kéékèèké kúrò nílẹ̀, kí ó ga tó etí ẹni tó jókòó sórí àga. Kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá lè kúrò lára ògiri. Kí ọmọdé má jókòó ti sípíkà rárá. Bí etí àgbàlagbà bá di, ẹ gbé àga rẹ̀ wá síwájú, kí ẹ sì mú un lọ sí ọsíbítù. Ẹ má gbé ohùn sókè nítorí rẹ̀. Bí etí ẹnikẹ́ni bá ń hó, ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ọmọ tí kò bá sì dáhùn, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹ tó nà án.

Sípíkà ti wà lára ògiri nílé Lájídé báyìí. Bàbá Josiah ti wà níwájú, ohùn wálẹ̀, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Virtue ló ń sọ ọ́ nísinsìnyí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sókè."

Cecilia kì í dìde, kí ìyókù etí ọmọ náà má baà lọ.