Ọwọ́ Tí Manase Nà Sókè

Ọjọ́ tí Lesieli àti Manase kọ́kọ́ ríra, àbùùbùtán ló fà á. Bí ẹ bá rí àbùùbùtán yẹn! Ìrù rẹ̀ nìkan fẹ̀ ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, bó bá sì sín, gbogbo aṣọ tí wọ́n sá ní Vavau, erékùṣù wa ní Tonga, ló máa tún tutù.

Èmi Semisi ni mo ń wa ọkọ̀ ojú omi òtẹ́ẹ̀lì. Manase ọ̀rẹ́ mi ló máa ń dúró níwájú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo omi. Bó bá ti rí ẹran ńlá náà, á na ọwọ́ ọ̀tún sókè gọnboro, àwọn àlejò á ya bo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú fóònù wọn, ọkọ̀ á fẹ́ dojú dé.

Ó na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ náà. Àṣé ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò bọ̀ láti erékùṣù Haapai ń kọjá lẹ́yìn àbùùbùtán náà. Ọmọbìnrin kan dúró lókè rẹ̀, ó ró ẹní híhun mọ́ ìbàdí bí a ṣe máa ń ró o nílẹ̀ wa, ó gbé àpò kan mọ́ àyà. Ó rò pé òun ni ọkùnrin yìí ń kí. Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ padà.

"Semisi, ta nìyẹn?"

"Èwo nínú wọn? Ìyá àbí ọmọ?" Ẹran ni mo rò pé ó ń bèèrè.

"Èyí tó rẹ́rìn-ín."

"Manase, oòrùn ti pa ẹ́ lórí. Àbùùbùtán kì í rẹ́rìn-ín."

Ọkọ̀ èrò ti wọ èbúté, ọwọ́ Manase ṣì wà lókè.

Òtẹ́ẹ̀lì ló gbé Lesieli wá. Kí òtẹ́ẹ̀lì tó dé, kò sí nǹkan ní abúlé wa ju ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlẹ́dẹ̀ àti irọ́ tèmi. Àmọ́ àlejò ti pọ̀ báyìí débi pé bí àgbọn bá já lórí igi, orí àlejò ló máa bà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òtẹ́ẹ̀lì á kó àwa ọkùnrin jókòó yípo, ká máa mu kava, omi gbòǹgbò igi tí a gún, ká máa kọrin, kí àwọn àlejò máa wò wá.

Kava kò ṣeé mu láìsí ọmọbìnrin tó ń bù ú. Ibẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ ìfẹ́ ti máa ń wáyé, ibẹ̀ náà ni ọkùnrin ti máa ń rí ìyàwó lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n níbi tí arábìnrin ọkùnrin bá wà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìyá ni o, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ni o, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bí tẹlifíṣọ̀n bá gbé tọkùnrin tobìnrin tó ń fẹnu konu jáde, arákùnrin tó wà níbẹ̀ á fojú fèrèsé bẹ́ síta, ilé ọ̀hún ìbáà jẹ́ alájà mẹ́wàá. Arábìnrin wa sì ni gbogbo ọmọbìnrin abúlé wa. Ni máníjà bá lọ gba Lesieli wá láti Haapai, òun àti bàbá rẹ̀, Bàbá Tomasi, tí wọ́n fi sídìí ọgbà.

Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ta ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n kava bí kò ṣe Manase?

"Lesieli, kava tí o bù fún mi yìí mà dùn o."

"Kava kì í dùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹrẹ̀ ló jọ."

"Ọwọ́ rẹ ló kàn án tó fi dùn."

"Ọwọ́ yìí náà ni mo fi wẹ ẹlẹ́dẹ̀ bàbá mi láàárọ̀."

"Áà, ẹlẹ́dẹ̀ náà ṣoríire!"

A rẹ́rìn-ín títí ẹja fi sá kúrò létíkun.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi ń pè é ní "Manase mi", tí òun náà ń pè é ní "ẹyinjú mi", tí èmi tí mo jókòó láàárín wọn dà bí òpó ilé. Bàbá Tomasi, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọ́n ju yìnyín lọ ní Vavau, dá Manase dúró lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Bí àwọn àbùùbùtán bá ti lọ, kí àwọn ẹbí rẹ gbé ẹlẹ́dẹ̀ àti iṣu wá bá mi." Ojú ẹsẹ̀ ni Manase bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ẹran náà sanra débi pé àwọn àlejò kan bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá erékùṣù yẹn ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹnìkan ṣoṣo ni a kò tíì rí nínú ẹbí náà: Kitione, arákùnrin Lesieli, tó ń já èso ní Niu Silandi láti ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì burúkú yẹn, máníjà fi ìyẹ́ ẹyẹ bo orí Lesieli, ó kun ojú rẹ̀ ní funfun àti pupa, débi pé ìyá tó bí i kò ní dá a mọ̀. Ó wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún Manase. "Sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn sókè," ló wí, "kí gbogbo àlejò gbọ́."

Ọkọ̀ òfuurufú ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àlejò tuntun dé. Òtẹ́ẹ̀lì ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó fún gbogbo wọn, ó ti dé wọn ní fìlà koríko. Ọkùnrin gíga kan wà láàárín wọn tó fi awò dúdú sójú.

Manase dìde, ó tẹnu bọ gbohùngbohùn. "Lesieli! Ọwọ́ tó ń bu kava yìí, ìgbà wo ló máa bu ọbẹ̀ nílé mi? Ibùsùn mi fẹ̀ bí òkun, èmi nìkan ló sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀!"

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Àwa náà hó yèè. Lesieli bo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ife tọ ọkùnrin gíga náà lọ. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀ kó lè wò ó dáadáa.

Ife já bọ́.

Kitione ni. Ó fẹ́ yọ sí wọn lójijì, ni ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì bá gbé e ní pápákọ̀, wọ́n ṣe é bí àlejò, wọ́n ní kó kọ́kọ́ jókòó wòran. Kò mọ̀ pé àbúrò òun ló wà lábẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ títí Manase fi pe orúkọ rẹ̀.

Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dìde. Iwájú Lesieli ni ọ̀nà àbájáde gbà, kò sì lè gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ohun tí etí rẹ̀ ti gbọ́. Ó yí padà, ó rìn wọnú òkun pẹ̀lú bàtà tuntun rẹ̀, omi mù ún dé àyà, ó sì gba ibẹ̀ lọ sílé.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ kejì, Lesieli bá wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Kitione kò jẹun," ló wí. "Ó ní òun kò lè jókòó sídìí oúnjẹ tí èmi bá gbé kalẹ̀."

"Ẹyinjú mi, mo fi Ọlọ́run búra, àlejò ni mo pè é."

"Mo mọ̀. Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà, ṣé mo dá a mọ̀ ni?" Ó nu imú rẹ̀. "Lọ wọ ewé ẹ̀bẹ̀ sọ́rùn, Manase mi. Bàbá mi kò lé ẹni tó wọ ewé rí. Kitione náà, ó kàn ga lásán ni, ọkàn rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì inú omi."

"Bí kò bá gbà ńkọ́?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n arákùnrin kan ṣoṣo ni mo ní. Mi ò lè tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè dé ilé ọkọ."

Ni Manase bá so ewé igi ifi mọ́ ọrùn, ó ró ẹní gbígbó tó ti ya, ó gbé gbòǹgbò kava síwájú, ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ilé Bàbá Tomasi, ó dorí kodò. Èmi náà jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wọ ewé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ mira, títí ará ilé yóò fi jáde wá bọ́ ewé náà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá dìde ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ ti bàjẹ́, ẹnìkan kì í sì wọ ewé lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan.

Oòrùn ọjọ́ náà lè din ẹyin nínú adìyẹ. Ó pẹ́ kí n tó rí Kitione tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Manase. Omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì, ó na ọwọ́ síbi ewé náà.

Pìì! Pìì! Ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì.

Òtẹ́ẹ̀lì ti dá àṣà tuntun sílẹ̀: kíkó àlejò wá wo abúlé. Wọ́n sì ti kọ́ wọn lọ́jọ́ Ẹtì pé bí ará Tonga bá jó dáadáa, owó ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n rí ewé, wọ́n rí ẹní tó ya. Ìyá arúgbó kan ní, "Ó mà mọ eré yìí ṣe o!" Ó lẹ owó mọ́ Manase níwájú orí. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Mo fò dìde. "Ẹ máa lọ! Ẹ̀bẹ̀ ni! Kì í ṣe eré!" Mo ń ju apá, mo ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n lẹ owó mọ́ èmi náà. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Manase kò lè mira. Omijé rẹ̀ ṣí owó kan bọ́ sílẹ̀. Àlejò kan he é, ó tún lẹ̀ ẹ́ padà.

Ọwọ́ Kitione padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọlé. Bàbá Tomasi ló jáde, ó sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́: "Semisi, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé a ti wòran tán."

Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ni bàbá wí. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ta wá ni kí n bá jà, ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni? Kitione ní òun kò lè gba ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti náwó lé lórí. Bí mo bá gbà á lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin mi á lọ, kò ní padà wálé mọ́. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Mo dìde, mo gbọn yanrìn ara mi, mo lọ.

Bàbá Tomasi kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní Vavau nígbà tí àwọn àbùùbùtán fẹ́ máa lọ. Manase kò fẹ́ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, máníjà ló ní dandan ni. A wà lórí omi, omi pa rọ́rọ́, ni ọkọ̀ Haapai bá yọ.

Lesieli dúró lókè rẹ̀, ó ró ẹní mọ́ ìbàdí. Kitione dúró tì í, ó bá a gbé àpò rẹ̀. Manase di irin ọkọ̀ mú. Ó wò ó, ó wò ó. Mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń dìde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń gbé e. Ó nà án sókè gọnboro.

"Àbùùbùtán!" ni àlejò kan kígbe.

Gbogbo wọn ya bo ẹ̀gbẹ́ náà. Fóònù jáde. "Níbo? Níbo ló wà?" Wọn ò rí nǹkan kan àyàfi ọkọ̀ èrò. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí i, tọmọdé tàgbà wọn, bí àlejò ṣe máa ń ṣe.

Lesieli wo gbogbo ọwọ́ náà. Ó wo ojú Kitione. Ta ló máa bá ọmọbìnrin wí pé ó juwọ́ sí àlejò? Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì juwọ́ padà.

Manase kò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi dà bí èèrà lójú omi.

Ìyá arúgbó kan fọwọ́ kàn án léjìká. "Ọmọ mi, a ò rí i. Ṣé ó ti lọ ni?"

"Ó ti lọ, mà."

"Ṣé ó tóbi?"

Manase yíjú sí mi, bí ẹni pé kí èmi, òpùrọ́ gbogbo Vavau, bá òun dáhùn. Mo lanu. Mo tan ẹ́ńjìnnì.