Ẹ̀bi Tí Wọ́n Dì Ru Humairah

"Moyinọlá, ṣé koríko lo máa tu títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?"

Hephzibah, ọ̀rẹ́ Moyinọlá, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà iléèwé wọn ní Hayin Banki, nílùú Kàdúná. Ó ti múra òde, ó sì ti kun ètè. Lójú títì lẹ́yìn rẹ̀, Olúsọjí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, jókòó sínú ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ń fun fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò gbé àwọn ọmọbìnrin méjèèjì lọ sí Ungwan Rimi lọ lá áísìkirímù.

Moyinọlá na ẹ̀yìn, ó fi apá nu òógùn ojú. Ọjọ́ Sátidé ni, òun ni iṣẹ́ kàn láti ro oko ewé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́. Òjò ti rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, koríko sì ti bo gbogbo àárín ebè. Ibi tó tíì ro kò ju ẹní kan lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí díẹ̀."

"Haba, Moyin! Díẹ̀ wo? Tí o bá ní kó o fi ọkọ́ ro gbogbo eléyìí, a ó ti lọ, a ó ti dé. Ṣebí bàbá rẹ ń ta oògùn apakoríko? Tó bá ṣe èmi ni, màá ti fọ́n ọn, màá ti bá tèmi lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Moyinọlá létí, kò sì jáde mọ́.

Ó mọ òfin ẹgbẹ́ náà. Ántí Harriet, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ́n kẹ́míkà sínú oko yẹn, nítorí pé ewé jíjẹ àti ewé àgbo ló wà níbẹ̀, àwọn ìyá àdúgbò sì máa ń wá já a lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló mú ohun tí wọ́n ń lò nílé wá gbìn. Rashidat, ìyá Moyinọlá, ló fún un ní igi ewúro tó gbìn. Levi mú efinrin wá láti ẹ̀yìnkùlé wọn. Irúgbìn sogale, ìyẹn mòríńgà, ni Humairah kó wá. Wọ́n kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan sára pákó ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní èdè mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́. Ántí Harriet a máa sọ pé, "Ewé kì í béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ já a."

Ṣùgbọ́n fèrè ọkọ̀ tún dún. Moyinọlá ju ọkọ́ sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, Adébíyìí, kò jìnnà sí iléèwé. Bàbá kò sí níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń dá oníbàárà lóhùn níwájú. Moyinọlá gba ẹ̀yìn wọlé, ó mú ìgò tí oògùn kù sí nísàlẹ̀, ó mú ike ìfọ́n, ó sì sá padà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ó rí i pé ó ń fẹ́. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń kìlọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má fọ́n oògùn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sọ sí i lọ́kàn, àmọ́ ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fọ́n oògùn náà kíákíá, ó ń rí i bó ṣe ń tàn lọ bí ìrì lórí àwọn ebè. Kò pẹ́ tó fi parí. Ó fọ ike náà, ó dá a padà, ó sì wọ ọkọ̀.

Áísìkirímù náà dùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún.

Ní ọjọ́ Ajé, kò tíì sí ohun tó hàn lára ewé. Obìnrin aboyún kan tó ń gbé nítòsí wá láti já sogale. Àyà Moyinọlá já. Ó sáré pàdé rẹ̀, ó fi Haúsá sọ fún un pé wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ewé lọ́sẹ̀ yìí, pé wọ́n fẹ́ kó dàgbà sí i. Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì yí padà. Moyinọlá dúró síbẹ̀, ó ń wò ó títí ó fi lọ. Ká ní ó sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà, kékeré ni ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, efinrin ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ewúro ti rọ. Ewé sogale ń já bọ́ bí irun orí aláìsàn.

Ántí Harriet pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó mú ewé gbígbẹ kan dání, ojú rẹ̀ sì pọ́n. "Ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oko wa?"

Moyinọlá wo Hephzibah, Hephzibah sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Hephzibah gbọ́nu.

"Ántí, ìgbẹ́ màlúù yẹn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló jó ewé?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Humairah.

Ọmọ Fúlàní ni Humairah. Ní abúlé ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ kí àwọn jàǹdùkú agbébọn tó lé wọn kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀, Màlámù Zubair, kó ìdílé rẹ̀ àti ìwọ̀nba màlúù tó ṣẹ́ kù wá sí ẹ̀yìn Kawo. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Humairah ń ru ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà wá sí iléèwé nínú àpò, kí ilẹ̀ oko náà lè lọ́ràá láìlo ajílẹ̀ inú ọ̀rá. Àwọn kan a máa dí imú bó bá ń kọjá. Àwọn mìíràn a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹran yín ń jẹ oko olóko, ìwọ wá ń bá wa dáko." Humairah kì í fèsì. Moyinọlá nìkan ló máa ń bá a yí ìgbẹ́ náà, tí wọ́n jọ ń da ewé gbígbẹ mọ́ ọn, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Levi ní, "Òótọ́ ni o. Ìgbẹ́ tútù máa ń jó ewé."

Ẹlòmíràn ní, "Ta ló tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn? Ṣé a ò gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn wọn ń ṣe nínú oko ni?"

Humairah dìde. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán. "Kì í ṣe ìgbẹ́ tútù. Ó ti jẹrà dáadáa kí n tó gbé e wá. Moyinọlá mọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń yí i." Ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Moyin, sọ fún wọn."

Moyinọlá ṣí ẹnu. Ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní sáà tó kọjá sọ sí i lọ́kàn. Nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì nínú kíláàsì, ó sì ta sí i láṣọ. Humairah ló rí i kí àwọn ọmọkùnrin tó rí i. Ó bọ́ híjáàbù ńlá tó wọ̀ lé ti abẹ́, ó fi dì í nídìí, ó sì rọra sìn ín jáde bí ẹni pé eré ni wọ́n ń ṣe. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

"Moyin?"

Moyinọlá wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀," ló sọ.

Humairah kò sunkún. Ó kàn wò ó bí ẹni tó kanlẹ̀kùn ilé tó mọ̀, tí àlejò ṣílẹ̀kùn fún un. Ántí Harriet mí kanlẹ̀, ó ní kí Humairah ṣì sinmi wíwá sí oko náà ná, kí àwọn fi wo bí nǹkan ṣe máa rí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Humairah bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ a máa dún bíi màlúù. Wọ́n ń sá fún àga rẹ̀. Moyinọlá pàápàá kò lè jókòó tì í mọ́, ìtìjú ló ń lé e. Nígbà tó yá, Humairah kò wá sí iléèwé mọ́.

Hephzibah ní kí Moyinọlá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, pé ọmọ yẹn á padà bọ̀. Kò padà bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá iléèwé girama, olùkọ́ pe, "Humairah Zubair." Kò sẹ́ni tó jẹ́. Ó tún un pè. Ẹnìkan dún bíi màlúù lẹ́yìn, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Moyinọlá dìde, ó jáde láìgba àyè, ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ láàárín àwọn àpò irúgbìn, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Adébíyìí pa ìwé tó ń kọ dé. "O mú oògùn lẹ́yìn mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi."

"Ìyẹn burú. Ṣùgbọ́n oògùn kọ́ ló ń dùn mí báyìí. Wọ́n ní kí o jẹ́rìí ọmọ ọlọ́mọ, o mọ òótọ́, o ní o ò mọ̀. Àwa tí wọ́n ń pè ní àlejò nílùú yìí, tó jẹ́ pé ibí ni wọ́n bí bàbá mi sí, síbẹ̀ tí wọ́n ń bi mí léèrè ìlú mi títí dòní! Moyinọlá, ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń dunni."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì mú un lọ sí iléèwé. Moyinọlá tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Levi gbá orí mú. Hephzibah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òun náà mọ̀. Ántí Harriet jókòó sórí gbòǹgbò igi.

"Ewé náà ni mo ń wò," ló sọ. "N kò bi ọmọ yẹn ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ ti gbà gbọ́ nípa àwọn èèyàn rẹ̀ lèmi náà fi ṣe ẹ̀rí."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ántí Harriet, Adébíyìí àti Moyinọlá, wá ilé Màlámù Zubair lọ. Ọkùnrin náà tẹ́ ẹní fún wọn, ó sì fún wọn lómi kó tó béèrè ohun tí wọ́n bá wá. Nígbà tí Moyinọlá sọ̀rọ̀ tán, Màlámù Zubair ń yí tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀.

"Humairah wà ní Gombe lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin," ló fi Haúsá sọ nígbẹ̀yìn. "Nígbà tí wọ́n lé wa kúrò lábúlé, mo sọ fún un pé Kàdúná tóbi, pé kò sẹ́ni tí yóò fi ìran rẹ̀ dá a lẹ́jọ́ níléèwé. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n iléèwé tó wà lọ́hùn-ún kò lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò ọdún yìí mọ́. Ọdún kan ti lọ lórí rẹ̀."

Ó tẹ fóònù, ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè Fúlàní, ó sì nà án sí Moyinọlá.

"Humairah, èmi ni. Èmi ni mo ba oko jẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Mo ti sọ fún gbogbo wọn."

"Ewé kọ́ ló ń dùn mí, Moyin," Humairah sọ. "Gbogbo wọn lè sọ ohun tó wù wọ́n, ó ti mọ́ mi lára. Ìwọ ni mo wò. Mo rò pé ìwọ mọ̀ mí." Ó wá fi kún un pé, "Kí Mama rẹ fún mi." Ó sì pa fóònù.

Ẹgbẹ́ náà tún oko gbìn. Iléèwé fi òfin de fífi ẹ̀yà ẹni ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì kọ lẹ́tà ìtúúbá sí Màlámù Zubair. Àwọn ìyá àdúgbò tún ń wá já ewé. Moyinọlá ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èsì jáde, kò lè yọ̀ tó bó ṣe yẹ. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Gombe lọ́jọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Humairah ń dáhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń dá ojúlùmọ̀ lóhùn. Bí ọ̀rẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ kì í tóbi ju ìbáwí lọ. Èyí tí a bá fi pamọ́, orí ẹlòmíràn ló máa ń bọ́ sí, ẹni tí wọ́n sì ti ń fura sí tẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ ló máa ń ru ẹrù náà. Bí wọ́n bá ń fẹ̀sùn kan ẹnìkejì yín, tí ẹ sì mọ òótọ́, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nígbà tó ṣì lè gbà á là. Moyinọlá sọ tirẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ kó tó sọ ọ́.