Mùínàt àti Eṣúṣú New Cross

Ooru omi gbígbóná ti bo dígí ilé ìwẹ̀, Mùínàt ò sì nù ún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ ẹ. Nínú dígí tó ṣú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé irun iwájú orí òun ti lọ, láti etí kan dé ìkejì. Ó dúró, ọkàn rẹ̀ ti rìn dé Ìwó, níbi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń gbé orí rẹ̀ lé itan dirun fún un, tí á máa ráhùn pé irun yìí fẹ́ kán ooyà òun.

Waris, ọkọ rẹ̀, kan ilẹ̀kùn. "Mùínàt, mo fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́ o."

"Mò ń bọ̀, Bàbá Hamid."

Ó yára wọ fìlà abẹ́ híjáàbù rẹ̀, èyí tó fún pinpin, kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó ń wọ̀ ọ́ dáná, ó ń wọ̀ ọ́ sùn. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ tí Waris bá rí orí òun, ìfẹ́ á dín kù. Fìlà yẹn gan-an ló sì ń fa irun náà tu, àmọ́ ta ló máa sọ fún un, nígbà tí kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i?

Orí fóònù ló ti rí Adépéjú, ọmọge kan ní New Cross, ní London níbí. Ọmọge yìí ní òun kọ́ Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Íńdíà, látinú fídíò, pé eṣúṣú lòun fi ń dá irun padà: kòkòrò inú omi náà á fa ẹ̀jẹ̀ burúkú mu, irun tuntun á hù.

Mùínàt kọ́kọ́ lọ́ra. Ó wá bá ara rẹ̀ sọ pé, ṣebí bíi híjáámà tí wọ́n ń fi ìwo fà náà ni, ṣebí sunna Ànábì ni kéèyàn fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára? Ó ti ṣe híjáámà rí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́sibítù, nǹkan kan ò ṣe é. Ohun tó jọ ìjọsìn, kí lèèyàn ń lọ ròyìn fún dókítà sí? Ibẹ̀ ló ti kọsẹ̀.

Yàrá Adépéjú tutù, ó ń ta sánsán tùràrí. Nínú ìgò lójú fèrèsé, àwọn eṣúṣú ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọ̀já dúdú tí atẹ́gùn ń gbé.

"Ṣé kò ní dùn mí?"

"Rárá, Aunty. Ẹ ṣáà máa sinmi." Kò béèrè oògùn tó ń lò.

Adépéjú kó eṣúṣú lé iwájú orí rẹ̀, Mùínàt sì dijú. Ó lálàá pé ìyá òun ń di ṣùkú fún òun, irun náà ń gùn sí i, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ṣàn gba títì àdúgbò wọn ní Nunhead lọ bí odò, Waris sì ń tọ̀ ọ́ bọ̀ wálé. Ó dùn débi pé kò fẹ́ jí.

Nígbà tó jí, Adépéjú ti fi òwú bo ojú ibẹ̀. "Á ṣì máa jò díẹ̀. Kò séwu."

Nínú bọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ fúyẹ́, iná àwọn ṣọ́ọ̀bù ń léfòó lójú rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Peckham, ó wọ mọ́sáláṣí lọ kírun Àsárì. Sherifat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ apòògùn, wà níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí.

"Mùínàt, kí ló rin híjáàbù ẹ báyìí?"

Mùínàt fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ pupa fún ẹ̀jẹ̀. "Eṣúṣú ni. Nítorí irun mi. Ó jọ híjáámà."

Sherifat tú híjáàbù náà, ó fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí. "Blood thinner tí wọ́n fún ẹ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹ lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ṣì ń lò ó?"

"Mo lò ó láàárọ̀."

"Ṣé o sọ fún ẹni tó fi eṣúṣú sí ẹ lórí?"

"Kò bi mí."

"Itọ́ eṣúṣú kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oògùn tìẹ náà ò jẹ́ kó dì. O wá pa méjèèjì pọ̀." Ó kọjú sáwọn tó kù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe 999, kí áńbúláǹsì tètè wá."

"Jẹ́ kí n sùn díẹ̀. Oorun yìí dùn."

"Má sùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ lára ẹ ló ń fi oorun tàn ẹ́."

Ní ọsibítù, wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, wọ́n sì fún un lóògùn nítorí kòkòrò àrùn tó máa ń wà nínú eṣúṣú. Waris sáré dé tòun taṣọ iṣẹ́. Mùínàt gbọ́wọ́ bo orí.

"Jọ̀ọ́, má wò ó."

Waris jókòó tì í. "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Irun tó ń dí ojú ihò omi nílé ìwẹ̀, ta lo rò pé ó ń kó o? Mo rò pé o ò fẹ́ ká sọ ọ́ ni." Mùínàt bú sẹ́kún, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé eṣúṣú ń hu irun. Bí irun bá ń já, ẹ lọ bá GP, dókítà àdúgbò yín, torí ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ni, tàbí àìsàn mìíràn. Ẹ dẹ fìlà àti irun dídì. Èyí tí fífà bá tu, bí a bá tètè dẹ̀ ẹ́, ó lè padà hù. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ gba eṣúṣú tàbí híjáámà láyè láìbá dókítà sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dá, ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, kí ẹ pe 999.

Ẹ fi orí yín han ẹni tó fẹ́ràn yín, kí ẹ tó gbé e fún eṣúṣú.