Ẹyin Irin Méjì

Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí iná ti kan ẹyin irin náà kẹ́yìn, síbẹ̀ nígbà tí Ìyá Onírin gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ láàárọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbé èkejì. Bákan náà ni. Ó wo fèrèsé, bóyá oòrùn ló wọlé. Òjò ló ṣú.

Wẹ́dà ni Ìyá Onírin, ṣùgbọ́n kì í ṣe géètì ló ń jó. Ewé, ìgbín àti òdòdó ló ń fi irin ṣe, wọ́n sì máa ń jọ ti Ọlọ́run débi pé àwọn ará àdúgbò a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ewúrẹ́ kan ti tìtorí ewé rẹ̀ ká eyín. Nígbà tí ìyá àgbà kan, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí ó bá òun ṣe ìtẹ́ ẹyẹ sí pálọ̀, kò fẹ́ fi ojú inú ṣe é. Ó gbé àkàsọ̀ ti igi ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbé ìtẹ́ àdàbà kan wálẹ̀, tòun ti ẹyin méjì.

Ọkọ rẹ̀ ní kí ó dá a padà, pé abiyamọ ni ẹyẹ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹyin kì í ṣe ọmọ, ọjọ́ méjì péré lòun sì fẹ́ fi wò ó.

Ọjọ́ méjì di mẹ́jọ. Ó fi wáyà hun ìtẹ́, ó fi òòlù lu irin pẹlẹbẹ títí ó fi rí bí ẹyin méjì, ó sì jó ẹnu wọn pọ̀ láìku ihò kan. Ojoojúmọ́ ni àdàbà náà ń bà lé ojú fèrèsé, kì í ké, ó kàn ń wò ó. Ẹyin tòótọ́ ti kú. Ó kó wọn dànù.

Láàárọ̀ tí à ń wí yìí ló wá rí ìyẹ́ láàárín wáyà, ó sì yé e pé ẹyẹ náà ti ń wọlé wá sàba lórí irin. Ojú tì í. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó di iṣẹ́ náà sínú páálí, ó gbé e lọ fún tísà. Àdàbà náà tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, tísà pè é lórí fóònù, ó bi í bóyá ó ki nǹkan sínú ẹyin wọ̀nyẹn. Ó ní rárá, òfìfo ni wọ́n. Tísà ní kí ó máa bọ̀.

Nígbà tó dé pálọ̀, ìtẹ́ wà lórí tábìlì, ẹyin méjèèjì sì ti là. Ó fi ìka tọ́ etí irin náà. Láti inú ni wọ́n ti tì í, ìta ló tẹ̀ sí.

Tísà rọra sọ pé àdàbà náà kò kúrò lórí wọn látọjọ́ tó ti dé, àfi lówùúrọ̀ yìí tó wo àwọn ohun tó pa jáde, tó sì fò lọ.

"Àwọn yẹn ńkọ́, mà?"

"Wọ́n wúwo jù láti fò. Abẹ́ àga ni wọ́n wà. Wọn ò dún látàárọ̀."

Lábẹ́ àga, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ bí ìṣó. Ohùn Ìyá Onírin ni àwọn ọmọ ẹyẹ irin náà gbọ́. Àwọn méjèèjì lanu, wọ́n ń ké, wọ́n sì ń wọ́ bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.