A Kì Í Béèrè Ìwé Lọ́wọ́ Àgbàdo

Ògì ti ń hó lórí iná nígbà tí Roheemat jí. Olùkọ́ ìtàn wọn, Abla Bayan, ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú oúnjẹ kan wá láti ilé, èyí tí irúgbìn rẹ̀ la òkun kọjá.

Ó ti kọ́ wọn pé ọkọ̀ àwọn òyìnbó ló kó àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ láti òdìkejì òkun wá sí Áfíríkà, pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló kó àwọn èèyàn Áfíríkà lọ ṣẹrú lọ́hùn-ún. Àwọn onílẹ̀ tó kọ́kọ́ gbin àgbàdo ńkọ́? Àrùn ìgbóná tí àwọn àlejò gbé wá pa wọ́n lọ bẹẹrẹ, àlejò sì gba ilẹ̀.

Nígbà tí Roheemat ròyìn èyí fún ìyá ìyá rẹ̀, Àlàájà Kìfáyàtù, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí. Láti kékeré ló ti ń sẹ́ ògì ní Ìwó. Ṣé àgbàdo ni wọ́n wá ń pè ní àjèjì?

"Ìhòòhò ló wọ ilẹ̀ wa, ó sì di aláṣọ," ó wí nígbẹ̀yìn. "Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìwé."

Ọ̀rọ̀ ìwé kì í jìnnà sẹ́nu Àlàájà. Hájì ló bá wá sí Mẹ́kà lọ́dún tí Ruqoyyah ọmọ rẹ̀, ìyá Roheemat, kú. Ó bá ọmọ jòjòló nílẹ̀, kò lè fi í sílẹ̀. Bàbá ọmọ, Abdulhadi, ní ìkámà, ìwé ìgbélùú. Àlàájà kò ní. Láti ìgbà náà ló ti ń fara pamọ́ sínú yàrá wọn ní àdúgbò Al-Hujun, kì í kọjá ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tó wà ní ìkóríta. Yorùbá ló ń bá ọmọ sọ, Lárúbáwá ni ọmọ fi ń dá a lóhùn.

Nígbà tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, Roheemat mọ̀ọ́mọ̀ fi fúláàsì ògì sílẹ̀ sórí tábìlì. Ní kíláàsì wọn, Shahad àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà á mọ́ra ni, ó sì ti purọ́ fún wọn pé ará ìlú Jidá láti ayébáyé ni ìdílé òun. Ògì kò bá irọ́ náà mu.

Àlàájà rí fúláàsì, ó rò pé ọmọ gbàgbé ni. Kí olùkọ́ má baà bá a wí, ó wọ abáyà rẹ̀, ó gbé fúláàsì náà, ó kọjá ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Al-Aziziyah, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ wà.

Ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pe Roheemat sí ẹnu ọ̀nà. Shahad tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá kan ń bá ọlọ́dẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọlọ́pàá náà ló sì béèrè lọ́wọ́ Roheemat pé ta ni ìyá yìí jẹ́ sí i. Ká ní ó sọ pé ìyá òun àgbà ni, àga ni wọn ìbá gbé fún Àlàájà. Ṣùgbọ́n Shahad ń wo pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni," Roheemat wí ní Lárúbáwá.

Ọmọ yìí mà gọ̀ o. Ta ni kò mọ̀ ní Mẹ́kà pé ọmọ ọ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìkámà àti ẹni tó dúró fún un? Ọlọ́pàá na ọwọ́, ó ní kí Àlàájà mú ìkámà rẹ̀ wá. Àlàájà wo Roheemat. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tó lè gbà á, ọmọ náà sì ń wo ilẹ̀.

Àlàájà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹnu Roheemat gan-an ló ti kọ́ Lárúbáwá. Kí wọ́n má baà mú Abdulhadi tó fi í pamọ́ sílé, ó ní òun kò lẹ́nì kankan. Ó wá na fúláàsì sí ọmọ náà.

"Gbà, mu ún kó tó tutù."

Ní kíláàsì, Abla Bayan tọ́ ògì wò, ó yìn ín, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́ fún àgbàdo. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gba ìtẹ̀ka Àlàájà ní Jidá, wọ́n sì dá a padà sí Ìwó. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kì í tètè fojú kan Mẹ́kà mọ́. Nígbà tí Abdulhadi gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò na ọmọ rẹ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Ìpè kan wọlé láti Ìwó. Roheemat gbé fóònù, Yorùbá ló sì fi sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìyá Àgbà, èmi ni."

"Ọ̀gá mi," Àlàájà wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Shahad tí Roheemat torí rẹ̀ purọ́ ti ń bá ẹlòmíràn rìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹni tó bá sẹ́ èèyàn rẹ̀ lójú àjèjì lè bẹ̀bẹ̀ títí, kó má rí i gbà padà mọ́.