Awojú Ẹnubodè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dún sétí ará Ìjẹ̀bú-Òde láti ìhà Ìmágbọ̀n, Mọ́ṣádé ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nubodè. Ó ró aṣọ òkè aláró, ó fi ìborùn funfun lé èjìká. Awojú ni gbogbo ìlú ń pè é. Kì í tú ẹrù ẹnikẹ́ni wò. Kíkí ló máa ń kí àlejò, ìkíni gígùn tiwa yìí tó máa ń sú ará ibòmíràn: ilé ńkọ́, oko ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Bí àlejò bá ṣe ń dáhùn, Mọ́ṣádé á máa wo ipénpéjú rẹ̀, ètè rẹ̀ àti iṣan ọrùn rẹ̀. Amí tó bá múra bí oníṣòwò kì í kí i tán kí àṣírí rẹ̀ tó tú. Òun ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu bí Oníbodè kò bá sí níbẹ̀, Oníbodè sì ti lọ sí ààfin Awùjalẹ̀ láti ìdájí.

Ràsákì, ọmọ kan ṣoṣo tí Mọ́ṣádé bí, wà lójú ogun. Ẹ̀rù ń ba Mọ́ṣádé gan-an, àmọ́ ó pa á mọ́ra.

Ohun kan wá ń ṣe é ní kàyéfì. Àwọn tó ń sá bọ̀ láti ìhà Ìbefun ń wọlé níkọ̀ọ̀kan, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì gbé wá. Wọ́n á wo ẹ̀ṣọ́, wọ́n á wo ògiri, bó bá wá kan Mọ́ṣádé, wọ́n á wolẹ̀. Bàbá arúgbó kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọge kan tí kò bá bàbá náà rìn tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni Zakariyah, àgbẹ̀ kan láti Ìbefun, sáré dé, òógùn bò ó.

“Ẹ kú ìjókòó, ìyá.”

“O kú ewu ọ̀nà. Ilé ńkọ́?”

“A dúpẹ́, ìyá.”

“Oko ńkọ́?”

“A dúpẹ́.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Zakariyah rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ipénpéjú rẹ̀ gbọ̀n, ó sì gbé itọ́ mì.

“Ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ?” Mọ́ṣádé bi í.

“Oníbodè ni mo fẹ́ rí, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, kíá ni.”

“Kí lo fẹ́ bá a sọ tí etí tèmi kò gbọdọ̀ gbọ́?”

Zakariyah wolẹ̀.

“Ẹ dè é,” ni Mọ́ṣádé wí fún àwọn ẹ̀ṣọ́. “Ó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ló sì sọ.

Wọ́n de Zakariyah lọ́wọ́ mọ́ òpó inú ahéré ẹ̀gbẹ́ bodè. “Ẹ bá mi pe Oníbodè!” ló ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Bó ti ń pariwo tó ni ó túbọ̀ ń dá Mọ́ṣádé lójú pé amí lòun mú.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Oníbodè tó dé. Ó wọ inú ahéré náà, ó sì jáde wá dúró níwájú Mọ́ṣádé. Ojú tí gbogbo ará ọ̀nà ti gbé wá láti àárọ̀ ló wà lójú òun náà.

“Bàbá, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́,” ni Mọ́ṣádé wí. “Ràsákì ni.”

“Ìbọn ló bà á nítan. Kò tíì kú nígbà tí ọkùnrin yìí fi í sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Àwọn tí yóò gbé e, tí yóò dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró, ló wá wá.” Oníbodè wolẹ̀. “Ràsákì fúnra rẹ̀ ló bẹ ọkùnrin náà pé kó má jẹ́ kí o rí ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀.”

Ta ni ìbá sì sọ irú rẹ̀ fún ìyá ọmọ ní gbangba? A kì í ṣe é nílẹ̀ yìí. Àgbà la máa ń kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ tó létí. Gbogbo àwọn tó wolẹ̀ láàárọ̀ ló ti rí Ràsákì nínú ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n tú Zakariyah, ó sì ṣáájú àwọn géńdé lọ. Nígbà tí wọ́n dé Ìbefun, ara Ràsákì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ó ti kú.

Ogun ṣẹ́ Ìjẹ̀bú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọlé, wọ́n ṣí bodè sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó wù ú sì ń wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Mọ́ṣádé nìkan ni kò kúrò níbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ìborùn funfun náà bo gbogbo ojú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn èrò ọ̀nà á máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

“Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ilé ńkọ́? Oko ńkọ́?”

Wọ́n á dúró kó kí wọn tán. Kì í kí wọn tán mọ́ láé.