Ìdajì Tó Di Méjìlá

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì. Obìnrin náà ti kọ́ kíláàsì mẹ́rin láti àárọ̀ kó tó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta. Ọkùnrin náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà méjì nínú yàrá tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ti ń fẹ́ná láti àfẹ̀mọ́júmọ́.

Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ padà ṣe ìdánwò tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà èwe: aránṣọ, awakọ̀, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ojú fóònù ni wọ́n ti ń ka ẹ̀kọ́ wọn. Iṣẹ́ ọkùnrin náà sì ni láti máa tún ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwọn fọ́ọ̀mùlà mi ń bàjẹ́ lójú fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí mo kọ ìdajì sí, méjìlá ni wọ́n ń rí."

"Méjìlá kẹ̀?"

"Oókan lókè, eéjì nísàlẹ̀, ilà láàárín. Ilà ti lọ. Oókan àti eéjì wá dùbúlẹ̀ ti ara wọn. Kí lẹ máa kà á sí?"

Ọkùnrin náà ṣí ojú-ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìdajì dúró ṣinṣin, ilà rẹ̀ gún gẹ́gẹ́. "Ó dáa lọ́dọ̀ mi o. Ẹ ní kí wọ́n pa bráwúsà tí wọ́n fi ń wo ìkànnì, kí wọ́n tún un ṣí."

Wọ́n pa á, wọ́n tún un ṣí. Méjìlá. Tíṣà padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n nu gbogbo ohun tí bráwúsà ti kó pamọ́ dànù. Wọ́n nù ún. Méjìlá. Tíṣà padà wá lẹ́ẹ̀kẹta. "Ó dáa lọ́dọ̀ mi" náà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọkùnrin náà kọ "a ti yanjú rẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ ẹjọ́ Tíṣà. Bí Tíṣà ṣe sọ ọ́ ní Ó-Dáa-Lọ́dọ̀-Mi nìyẹn, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ́gbà pàápàá ti ń fi kí i.

Àwọn àgbà ní ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ló mọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Tíṣà kò jiyàn. Ó gbé fóònù kan tí gíláàsì rẹ̀ ti sán sórí tábìlì.

"Ti aránṣọ ni, ó yá mi di ọ̀sán. Òdo ló gbà lánàá. Ó ṣe ìṣirò ọ̀hún dáadáa o, méjìlá ló kàn fi ṣe é. Ó bi mí pé, 'Tíṣà, àbí orí mi ti kú ni?' Kí ni kí n sọ fún un? Pé ó dáa lọ́dọ̀ yín?"

Ọkùnrin náà mú fóònù náà, ó ṣí ojú-ìwé náà lórí rẹ̀. Méjìlá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ó wí. "Mo ṣẹ̀ yín. Mo ṣẹ aránṣọ náà."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Ó ti fi yíya fọ́ọ̀mùlà lé bráwúsà lọ́wọ́. Tirẹ̀ tuntun ni, ó gbọ́ èdè ìṣirò. Ti fóònù àtijọ́ kò gbọ́, ohun tí kò bá sì gbọ́, ńṣe ló ń tò ó sílẹ̀ bí ẹní to igi ìdáná. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ojú-ìwé máa gbé ètò tó ń ya ìṣirò, àti lẹ́tà tirẹ̀, dání lọ bá fóònù gbogbo. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mùlà ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá ló wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé èyí tọ́, èyí kò tọ́, àfi Tíṣà.

Bó ṣe di pé ó ń jókòó tì í lọ́sàn-án gbogbo nìyẹn, tí àwọn fóònù àyálò tò sórí tábìlì níwájú wọn.

"Èyí ńkọ́?"

"Òrùlé gbòǹgbò yẹn kò bo nọ́ńbà kejì."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti bò ó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kékeré tó yẹ kó gun ìkejì rẹ̀ léjìká ti jábọ́ sílẹ̀."

"Ó rẹ òun náà ni."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu pé òun ṣì lè rẹ́rìn-ín nírú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ wọn kò jà bí ìjì rárá. Ó wọlé bí ẹni tí iṣẹ́ ti pa lára, tó kàn ń wá àga jókòó sí. Nígbà tó fi máa di fọ́ọ̀mùlà igba, wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀, "o" ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n parí èyí tó kẹ́yìn, ọkùnrin náà yí àga rẹ̀ padà.

"Tíṣà mi, n kò ní í tàn ọ́. Ó máa ń rẹ̀ mí."

"Ó ń rẹ èmi náà."

"Bó bá jẹ́ pé yóò máa rẹ̀ wá náà ni, ṣé kò ní sàn kó máa rẹ̀ wá lábẹ́ òrùlé kan?"

"Olólùfẹ́, ṣé ìfẹ́ lò ń bá mi sọ yìí, àbí ò ń tọrọ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́?"

"Méjèèjì ni."

Tíṣà ní òun gbọ́, òun sì gbà. Inú rẹ̀ dùn, inú dídùn tó rọra dé, tí kò pariwo. Ó wá ku kí ìyá rí i.

Ìyá ọkùnrin náà nìkan ló kù nínú àwọn òbí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni orúnkún ìyá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ yìí ló ń fọ aṣọ, òun ló ń ra oògùn, òun ló ń dì í mú dé ibùsùn. Ìyá gba Tíṣà tọwọ́tẹsẹ̀.

"Ìyàwó mi, jókòó! Ọmọ mi, lọ ra búrẹ́dì wá fún un."

Ọmọ jáde. Ẹ̀rín ìyá náà bá a jáde.

"Ọdún mélòó lo fi jù ú lọ?"

"Mẹ́rin, Mà."

"Mẹ́rin. Àga tí o jókòó sí yẹn, ti ọkọ mi ni. Wọn kì í jókòó síbẹ̀."

Tíṣà dìde. Bí ọmọ ṣe wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì báyìí, ìyá pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó mi, kí ló dé tí o wà lórí ìdúró? Jókòó, ìwọ ọmọ dáadáa!"

Ṣàṣà èèyàn ní ń fẹ́ni lẹ́yìn bí a ò sí nílé. Tajá tẹran ní ń fẹ́ni lójú ẹni. Oṣù méjì ló fi rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà ó bínú. "Àbúrò mi, sọ fún ọkùnrin náà. Bí kò bá gbọ́ tìrẹ lónìí, ṣé lẹ́yìn ìgbéyàwó ni etí rẹ̀ yóò là?"

Tíṣà sọ fún un. "Ìyá rẹ kò fẹ́ mi."

"Ìyá mi? Tó ń pe ìyàwó mi níbí, ìyàwó mi lọ́hùn-ún? Tíṣà, fọkàn balẹ̀. Ó dáa l..." Ó gé e sẹ́nu.

"Parí ẹ̀."

Tíṣà dìde.

"Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹbí mi ní kí ẹ wá tọrọ mi," Tíṣà wí, ó ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò. "N ó ní kí wọ́n má retí yín mọ́. Kì í ṣe ìjà. Ó ti rẹ̀ mí ni. N kò lè gbé nínú ilé tó jẹ́ pé èmi nìkan ni yóò máa rí ohun tó wà níbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi ro ọ̀rọ̀ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ máa ń sọ fún Tíṣà bí mo bá jáde?"

"Èmi? Mo máa ń kí i ni."

Kò jiyàn; fóònù aránṣọ ti kọ́ ọ láti gbọ́ tẹnu ẹlòmíì tán.

"Mo ní kó má jókòó sórí àga bàbá rẹ. Ìyẹn náà di ẹ̀ṣẹ̀?"

Ọmọ sún àga rẹ̀ mọ́ ọn.

"Mo ní ó ti dàgbà jù."

Ìyá na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó tún ká a padà.

"Ó dára! Mo fẹ́ kó lọ. Ọjọ́ tó bá wọlé yìí, èmi di ẹrù tí wọ́n ń gbé láti yàrá dé yàrá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wo ojú rẹ, ọmọ mi, bó ṣe ń rẹ̀ ọ́ nítorí mi. Bí ó bá rẹ ìwọ tí mo bí tó báyìí, ẹni tí n kò bí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Kò sọ pé irọ́ ni.

"Ó ń rẹ̀ mí, Màmá. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé yín jù sílẹ̀ láé. Tíṣà kò lọ nítorí ẹsẹ̀ yín. Ó lọ nítorí pé n kò gbà á gbọ́."

Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi di àga mú. Ó ní, "Wá bàtà mi fún mi."

Wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ń sinmi lójú gbogbo kọ̀rọ̀, ọmọ ń tì í lẹ́yìn. Tíṣà ń nu pátákó nínú kíláàsì òfìfo nígbà tó rí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"N kò wá bẹ̀bẹ̀," ìyá wí, ó ń mí gúlegúle. "Ohun tí mo ń sọ fún ọ lẹ́yìn ọmọ mi ni mo wá sọ lójú rẹ̀. Mo ní o ti dàgbà jù. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀. Mo ń wá bí o ó ṣe lọ. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Inú mi kò sì tíì dùn."

Ọkùnrin náà lanu láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Tíṣà gbọ́wọ́ sókè.

"Dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

"Mo ti sọ tán," ìyá wí.

Tíṣà wo ọkùnrin náà. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Jọ̀ọ́, Tíṣà mi, dárí jì mí."

Tíṣà fa àga olùkọ́ jáde, ó bá ìyá di apá mú títí tó fi jókòó. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì akẹ́kọ̀ọ́ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀rù yín ń ba èmi náà, Mà."

Ìyá rẹ́rìn-ín kékeré kan. Ẹ̀rín kíkan ni, àmọ́ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì pa á dà. "Ẹ jẹ́ kí n sinmi ná. Àtẹ̀gùn yín yìí pọ̀. N kò mọ bí n ó ṣe sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ sinmi dáadáa, Mà." Tíṣà ti mú fóònù rẹ̀, ó ń wá nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún wọn nílé pé kí wọ́n máa retí yín ní Sátidé. Lẹ́yìn náà, a ó jọ sọ̀kalẹ̀."